Owó Wo La Fi Kọ́ Ọ? Ìtàn Ilé Ayálégbé Láàárín Àwa Yorùbá, Láti Èkó Dé Lamisula

Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ní kí n kọ ìtàn díẹ̀ nípa ilé ayálégbé láàárín àwa Yorùbá tí a fi Lamisula ṣe ibùgbé. Wọ́n ní kí n má kàn sọ ìgbà tí wọ́n kọ́ ilé, kí n sọ owó tí wọ́n fi kọ́ ọ. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Láti ìgbà tí ìdídò Alau ti ya, tí omi sì wọ apá púpọ̀ nínú ìlú Maiduguri ní ọjọ́ 10 oṣù September ọdún 2024, ọ̀rọ̀ kan náà ni ó ń jáde ní ìpàdé wa. Ẹni tí ó ní ilé ń bèèrè bóyá kí òun tún un ṣe tàbí kí òun tà á. Ẹni tí kò ní ń bèèrè bóyá kí òun yáwó ra èyí tí wọ́n ń tà. Àwọn kan sì ti dábàá pé kí ẹgbẹ́ fi owó alájẹṣẹ́kù wa kọ́ ilé tí a ó fi háyà. Èmi tí mo ti ń bá yín tọ́jú ìwé owó náà láti ọdún púpọ̀ mọ̀ pé owó ọmọ ilé-ìwé wà nínú rẹ̀, owó ìtọ́jú aláìsàn wà nínú rẹ̀, owó opó sì wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, kí á tó dìbò, ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ sẹ́yìn.

ÌLÚ TÍ Ó Ń GBA ÀLEJÒ

Ilé ayálégbé kì í dá wà. Níbi tí àlejò bá pọ̀ sí ni ó ti ń lówó lórí. Ní ọdún 1907 ni Ṣéhù Abubakar Garbai kó ibùjókòó rẹ̀ wá sí Yerwa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní Maiduguri. Láti ìgbà náà ni akọ̀wé, oníṣòwò, ọlọ́pàá àti oníṣẹ́ ọwọ́ ti ń wọ ìlú. Ṣùgbọ́n ohun tí ó sọ ìlú di ńlá fún àwa tí a ti ọ̀nà jíjìn wá ni rélùwéè. Láàárín ọdún 1958 sí 1964 ni wọ́n la ojú irin láti Kuru, nítòsí Jos, wá sí Maiduguri, ọ̀nà tí ó tó nǹkan bí 640 kìlómítà.

Ẹ fiyè sí owó tí wọ́n fi la ojú irin yẹn. Ní ọdún 1958, World Bank yá Nàìjíríà ní mílíọ̀nù 28 dọ́là nítorí rẹ̀, òun sì ni owó àkọ́kọ́ tí orílẹ̀-èdè wa yá lọ́wọ́ báńkì náà. Iṣẹ́ tí yóò lò ju ogójì ọdún lọ ni wọ́n fẹ́ ṣe, wọn kò sì wá owó tí olówó yóò bèèrè lọ́dún tí ń bọ̀. Owó tí a ó máa san díẹ̀díẹ̀ fún ọdún pípẹ́ ni wọ́n wá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé ibí yìí, nítorí a ó padà sí i.

Ní ọdún 1967 Maiduguri di olú-ìlú North-Eastern State. Ní 1975 ìjọba dá Yunifásítì Maiduguri sílẹ̀. Ní 1976 Borno di ìpínlẹ̀, Maiduguri sì tún jẹ́ olú-ìlú rẹ̀. Owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì ti lọ sókè ní 1974 sí 1975 nígbà owó Udoji. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní yàrá mẹ́rin lásìkò yẹn mọ̀ pé ayálégbé ni ó ń wá onílé, onílé kọ́ ni ó ń wá ayálégbé.

TA NI Ó NI ILẸ̀?

Ìnáwó àkọ́kọ́ lórí ilé ni ilẹ̀ àti ìwé ilẹ̀. Níhìn-ín, ìwé ilẹ̀ ní ìtàn tirẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ wa kò sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Òfin ilẹ̀ Àríwá Nàìjíríà ti 1916, àti Òfin Ilẹ̀ Northern Nigeria ti 1962 tí ó rọ́pò rẹ̀, pín àwọn ènìyàn sí ọ̀nà méjì: ọmọ ìbílẹ̀ Àríwá àti ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìbílẹ̀ Àríwá. Òfin 1962 sọ pé ọmọ ìbílẹ̀ ni ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ẹ̀yà kan tí ó ti ilẹ̀ Àríwá ṣẹ̀. Ẹni tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ di ilẹ̀ mú láìgba àṣẹ mínísítà.

Ẹ wo ohun tí èyí ṣe láàárín àwa tí a jọ ń sọ èdè kan. Ìlọrin, Ọ̀ffà, Ìgbómìnà àti Kàbà wà ní abẹ́ ìjọba Àríwá nígbà náà, nítorí náà ọmọ ìbílẹ̀ ni wọ́n lójú òfin, bí wọ́n tilẹ̀ dé Maiduguri lánàá. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ Ìjẹ̀bú àti ọmọ Èkìtì tí wọ́n ti wà níbẹ̀ fún ogún ọdún, àlejò ni wọ́n. Ẹni méjì lè jọ máa pàtẹ lọ́jà kan, kí wọ́n jọ máa kírun tàbí kí wọ́n jọ máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan, síbẹ̀ kí ìwé ilẹ̀ wọn má dọ́gba. Ẹni tí ìwé rẹ̀ kò bá sì lágbára kò lè fi ilé dúró gba owó ní báńkì. Owó ọwọ́ nìkan ni ó lè fi kọ́lé.

Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọjọ́ 29 oṣù March 1978, nígbà ìjọba Ọ̀gágun Ọbásanjọ́, mú gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. Ìyẹn mú òfin Àríwá àti ti Gúúsù bára dọ́gba. Ṣùgbọ́n ó tún dá ìnáwó mìíràn sílẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ta ilé, tàbí tí ó fẹ́ fi í dúró gba owó, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ gómìnà, àṣẹ náà sì ní owó tí a ń san lé e lórí. Àwọn kan rò pé àṣẹ yìí kò ju àfikún ìwé lásán lọ. Ní 1989, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá ẹjọ́ kan tí ó kan Savannah Bank, wọ́n sì sọ pé ilé tí wọ́n fi dúró láìgba àṣẹ gómìnà kò dúró rárá. Láti ìgbà yẹn, kò sí báńkì tí ó gbọ́n tí yóò fi owó sílẹ̀ lórí ìwé tí kò pé. Ẹni tí ó bá ń ṣírò owó ilé, kí ó kọ owó ìwé sí òkè pátápátá.

OWÓ TÍ ÀWỌN BÀBÁ WA LÒ

Kí báńkì tó dé, a ti ní ọ̀nà owó tiwa. Àlùfáà Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí ó jáde ní 1921, ṣe àlàyé èsúsú gẹ́gẹ́ bí àṣà tí ó kárí ilẹ̀ Yorùbá. Iye kan náà ni olúkúlùkù ń dá, ẹnì kan ni yóò sì kó gbogbo rẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan títí yóò fi kárí. Àjọ yàtọ̀ díẹ̀: alájọ ń gba owó ojoojúmọ́, ó ń dá a padà níparí oṣù, ó sì ń yọ owó ọjọ́ kan fún iṣẹ́ rẹ̀. Ìwọ̀fà náà wà, níbi tí ènìyàn ti ń fi ara tàbí ọmọ rẹ̀ sìn dípò èlé. Ìjọba fòfin dè é láyé àwọn òyìnbó, kò sì sí ẹni tí ó ń ṣe àárò rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí á rántí pé ìdí tí ìwọ̀fà fi wà ni pé gbèsè kì í mọ̀ bóyá ẹni tí ó jẹ ẹ́ ń jẹun tàbí kò jẹun.

Ní Èkó, lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ìlú ní 1861, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ènìyàn ní ìwé ilẹ̀. Ìwé yìí ni àwọn oníṣòwò wa mú lọ sọ́dọ̀ àwọn òyìnbó oníṣòwò láti gba ọjà àwìn. Bí epo pupa bá lówó lórí, gbogbo rẹ̀ a dára. Bí iye epo bá wálẹ̀ nílẹ̀ Europe, ilé a di ti olówó. Ohun tí ilé ẹbí ń dáàbò bò nìyẹn. Ní 1908 ni ilé-ẹjọ́ ní Èkó dá ẹjọ́ Lewis àti Bankole, ẹjọ́ tí a ṣì ń tọ́ka sí lórí pé ilé tí bàbá fi sílẹ̀ fún gbogbo ọmọ kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn. Àwọn tí wọ́n ń bínú pé ilé ẹbí kò ṣeé fi yáwó, kí wọ́n rántí pé ìdí kan náà ni gbajúmọ̀ olówó kò fi rí i gbé lọ.

Èsúsú ni ọ̀pọ̀ àwọn bàbá wa gbé wá sí òkè ọya, òun ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀ ilé. Ó ní àǹfààní ńlá: kò ní èlé, ìtìjú àti orúkọ rere ni ìdúró rẹ̀. Àlèébù rẹ̀ kan ni pé ọjọ́ rẹ̀ kúrú. Bí ènìyàn méjìlá bá ń dá a lóṣooṣù, ẹni tí ó kọ́kọ́ kó o gbọ́dọ̀ san án tán láàárín oṣù mọ́kànlá tí ó kù. Ilé kì í mú owó ara rẹ̀ wá láàárín oṣù mọ́kànlá. Nítorí náà wọn kì í kọ́ ilé tán lẹ́ẹ̀kan. Yàrá méjì ni wọ́n á kọ́, wọ́n á gba ayálégbé sí i, owó ilé a ra páànù yàrá kẹta. Àwọn ọmọ òde òní ń fi irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà pé ògiri rẹ̀ kò bára mu. Ó ṣe é ṣe kí ògiri má bára mu, ṣùgbọ́n kò sí alágbàwí tí yóò kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn ni kí onílé gba owó ọdún méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan lọ́wọ́ ayálégbé láti fi parí ilé. Yíyá owó ni èyí náà, orúkọ rẹ̀ ni kò jẹ́ gbèsè. Bí owó bá já wálẹ̀ láàárín ọdún mẹ́ta yẹn, onílé ni ó pàdánù, nítorí pé owó ilé àtijọ́ ni ayálégbé fi ń gbé títí. Ní Èkó, òfin ayálégbé ti 2011 kọ̀ ọ́ fún onílé láti gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun.

BÁŃKÌ, ÌJỌBA ÀTI ALÁJẸṢẸ́KÙ

Ní 1935 ni ìjọba ṣe òfin àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Nàìjíríà. Ní 1956 wọ́n dá Nigerian Building Society sílẹ̀ láti máa yá ènìyàn lówó ilé, ní 1977 ó di Federal Mortgage Bank. Ní 1992 òfin Owó Ilé Orílẹ̀-èdè, tí a mọ̀ sí National Housing Fund, jáde. Òṣìṣẹ́ ń dá náírà 2 àti ààbọ̀ nínú 100 owó oṣù rẹ̀, ó sì lè yá owó ilé ní èlé tí kò pọ̀, kí ó san án fún ọdún tí ó lè tó 30. Owó rere ni. Ṣùgbọ́n ilé tí ènìyàn yóò fúnra rẹ̀ gbé ni wọ́n torí rẹ̀ dá a sílẹ̀, kì í ṣe ilé ayálégbé. Ẹni tí ó bá ń retí rẹ̀ láti kọ́ yàrá mẹ́jọ fún háyà, kí ó wá ọ̀nà mìíràn.

Owó báńkì lásán ńkọ́? Láti 1986 tí ìjọba Babangida ti gbé ètò SAP dé, tí náírà sì bẹ̀rẹ̀ sí í já, ohun èlò ilé kò dúró lójú kan mọ́, èlé náà kò sì wálẹ̀ bọ̀rọ̀. Ní ọdún 2024 nìkan, èlé tí Báńkì Àpapọ̀ fi ń ṣe òdiwọ̀n gun òkè láti 18.75 dé 27.50 lórí 100. Iye tí báńkì ń gbà lọ́wọ́ aráàlú máa ń ju ìyẹn lọ. Fún àwọn mùsùlùmí wa tí wọn kò fẹ́ èlé, Jaiz Bank bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2012 gẹ́gẹ́ bí báńkì àkọ́kọ́ tí kò ní èlé rárá nínú iṣẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀ èrè tí irú báńkì bẹ́ẹ̀ ń gbé lé ọjà jẹ́ ìnáwó, ó yẹ kí á ṣírò òun náà.

GHANA 1969

Ìtàn tí ó yẹ kí gbogbo onílé ní ìdálẹ̀ mọ̀ ni ti Ghana. Ní oṣù November 1969, ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n fi ilẹ̀ náà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Yorùbá, láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbòho, Ṣakí, Inisa, Ọ̀ffà àti àwọn ìlú mìíràn. Ọjà a máa ṣeé dì sínú àpò, owó a máa ṣeé so mọ́ ìdí, ṣùgbọ́n ilé kò ṣeé gbé rù. Àwọn kan ta ilé wọn ní ọ̀pọ̀, àwọn kan fi í sílẹ̀ fún ẹni tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé.

Nàìjíríà kì í ṣe Ghana fún wa, a kì í ṣe àjèjì níbí. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìjà Boko Haram ti oṣù July 2009, títí dé ìgbà tí ìjọba kéde òfin pàjáwìrì ní oṣù May 2013, ọ̀pọ̀ nínú wa kó ẹbí wọn padà sílé. Yàrá ṣófo ní Lamisula. Mo ṣàkíyèsí nǹkan kan nígbà náà. Ẹni tí kò jẹ gbèsè lórí ilé rẹ̀ ti ilẹ̀kùn, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé aládùúgbò Kanuri rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì lọ. Nígbà tí ó padà, ilé rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tí ó fi owó ọjà kọ́lé, tí ó tún jẹ báńkì lówó, kò lè sinmi níbi tí ó sá lọ, nítorí èlé kò mọ̀ pé ìlú kò rọgbọ.

Ẹ JẸ́ KÍ Á ṢÍRÒ

Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí jẹ́ àpẹẹrẹ lásán, kí olúkúlùkù fi iye tirẹ̀ dípò. Ká ní yàrá mẹ́jọ ni a fẹ́ kọ́, ilẹ̀, ìwé, kànga àti ilé jẹ́ ₦16,000,000. Ká ní yàrá kọ̀ọ̀kan yóò mú ₦150,000 wá lọ́dún. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦1,200,000. Níbi yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń dá ìṣirò dúró. Ẹ jẹ́ kí á tẹ̀ síwájú. Yàrá kan lè ṣófo lọ́dún: ẹ yọ ₦150,000. Páànù, ṣáláńgá, ilẹ̀kùn àti ọ̀dà kò níí ṣàìbàjẹ́: ẹ yọ ₦120,000. Owó ejẹ́ǹtì àti owó ìjọba: ẹ yọ ₦60,000. Ó ku ₦870,000.

Bí a bá fi owó ara wa kọ́ ọ, yóò tó ọdún 18 kí ojú owó tó padà. Bí a bá yá gbogbo ₦16,000,000 ní èlé 25 lórí 100, èlé ọdún kan ṣoṣo jẹ́ ₦4,000,000. Ilé tí ó ń mú ₦870,000 wá kò lè gbé e, kò tilẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀. Irú gbèsè yìí yóò máa jẹ oúnjẹ ọmọ wa. Ṣùgbọ́n ká ní a ti ní ₦14,000,000, a wá yá ₦2,000,000 tí ó kù nínú alájẹṣẹ́kù ní èlé 10 lórí 100. Èlé ọdún kìíní jẹ́ ₦200,000, ilé fúnra rẹ̀ a san án, a tún san ₦670,000 nínú ojú owó. Kí ọdún kẹta tó pé, gbèsè ti tán.

Ilé kan náà ni, ayálégbé kan náà ni. Owó tí a fi kọ́ ọ ni ó yàtọ̀.

OHUN TÍ Ó KÀN

Ní èrò tèmi, ohun mẹ́rin ni ìtàn yìí kọ́ wa, mo sì fi wọ́n síwájú ìpàdé.

Èkíní, iṣẹ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́, owó ọlọ́jọ́ pípẹ́. Ìjọba mọ èyí nígbà tí wọ́n ń la ojú irin. Owó ọjà tí a ó fi ra ọjà lóṣù tí ń bọ̀ kò gbọdọ̀ wọ inú búlọ́ọ̀kù. Mo mọ oníṣọ́ọ̀bù kan ní àdúgbò wa tí ó kọ́lé tí ó dára, tí pẹpẹ ìtajà rẹ̀ sì ṣófo kí wọ́n tó kun ilé náà ní ọ̀dà.

Èkejì, kí ìwé ṣáájú búlọ́ọ̀kù. Ilé olówó iyebíye tí ìwé rẹ̀ kò pé kò níye lórí níwájú báńkì àti níwájú adájọ́.

Ẹ̀kẹta, kí á ka ìṣòro mọ́ ìnáwó. Omi Alau wọ ìlú ní 1994, ó tún wọ̀ ọ́ ní 2024. Ẹni tí ó bá ń kọ́lé ní Maiduguri, kí ó bèèrè ibi tí omi dé ní ọdún méjèèjì yẹn kí ó tó san owó ilẹ̀, kí ó sì kó owó àtúnṣe pamọ́ láti inú owó ilé ọdún kìíní. Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n.

Ẹ̀kẹrin, lórí ọ̀rọ̀ owó alájẹṣẹ́kù wa, èmi kò lòdì sí ilé. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ṣùgbọ́n kí a má fi owó tí ọmọ ẹgbẹ́ lè bèèrè nígbàkúùgbà kọ́ ohun tí yóò gba ọdún 18 kí ó tó padà. Bí a bá fẹ́ kọ́lé, kí á dá àpò ọ̀tọ̀ sílẹ̀ fún un, kí ẹni tí ó bá dá sí i mọ̀ pé kò níí gbà á padà kíá, kí a sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú yàrá méjì bí ti àwọn bàbá wa. Kí owó opó àti owó aláìsàn dúró síbi tí ó wà.

Àwọn tí wọ́n ṣáájú wa dé ìlú yìí kò ní báńkì tí ó fọkàn tán wọn, òfin ilẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ gbè wọ́n. Síbẹ̀ wọ́n fi yàrá tí a ń sùn sí lónìí sílẹ̀, wọn kò fi gbèsè sílẹ̀ fún wa. Kí àwa náà lè fi irú rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí ó jókòó láàárín wa yìí. Kí Ọlọ́run fi àlàáfíà jíǹkí Borno, kí ilé wa má di ahoro.